Rẹ́gírẹ́gí ni Ohun Ẹni: Ọ̀rọ̀ Díẹ̀ lórí Aṣọ Ìbàdàndùn àti Ilé Kíkọ́ ní Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ mú wá síwájú àwọn olùkàwé wa ní àkókò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti oyè jíjẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irú ìwọ̀nyí ni a máa ń kà jù nínú ìtàn ilẹ̀ wa. Ọ̀rọ̀ nípa ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe ni: aṣọ tí a ń ró, ìkòkò tí a ń pọn omi sí, òpó tí ó gbé ilé ró, àti ilé tìkára rẹ̀. Ohun tí ó mú mi kọ ọ́ ni pé, ní ìhà Òjóò níbi tí mo ń gbé, ìjọ wa ń gbèrò láti kọ́ gbọ̀ngàn tuntun fún àwọn ọ̀dọ́ àti fún ẹ̀kọ́ kíkọ́, ìgbìmọ̀ ìkọ́lé sì ti pín sí méjì. Apá kan wí pé kí á kọ́ ọ bí ti ayé òde òní, kí gbogbo iwájú rẹ̀ jẹ́ dígí láti ilẹ̀ dé òkè. Apá kejì wí pé dígí kì í ṣe tiwa, kí á kọ́ ohun tí ó jọ ti Yorùbá, kí á sì ri òpó gbígbẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n ní kí èmi dá sí i. Lójú tèmi, apá méjèèjì ni ó ṣìnà, nítorí pé ìbéèrè kan náà ni wọ́n jọ ń béèrè, èyí nì ni, "Níbo ni nǹkan yìí ti wá?" Ìbéèrè náà kò tó láti fi kọ́lé.

Àwọn àgbà wa a máa pa á lówe pé, "Ẹ̀wù àyáwọ̀ kì í yẹ ni, bí kò bá fún ni lápá, a ṣo ni lẹ́sẹ̀, rẹ́gírẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu." Ẹ kíyè sí i pé òwe náà kò wí pé aṣọ tí ó ti òkèèrè wá ni kò dára. Ohun tí ó wí ni pé aṣọ tí a kò wọ̀n mọ́ ara ẹni ni kò yẹ ni. Ẹni tí ó ra aṣọ kan láti ilẹ̀ tí ó jìnnà, tí ó gbé e fún aránṣọ, tí aránṣọ wọ̀n ọ́n, tí ó gé e, tí ó sì rán an bá a mu, kò sí ẹni tí yóò wí pé aṣọ náà kì í ṣe tirẹ̀. Inú ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà wà, kò sí nínú ibi tí a ti rà á. Mo fẹ́ fi aṣọ kan tí gbogbo wa mọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí èyí.

Ó ṣọ̀wọ́n kí á rí àgbà obìnrin ní Ìbàdàn tí kò mọ aṣọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí a ń pè ní Ìbàdàndùn. Aṣọ méjì tí a rán pọ̀ di ìró kan ni, a sì pín ojú rẹ̀ sí ọ̀pọ̀ igun mẹ́rin. Aláàdìrẹ a ro ẹ̀kọ láti inú ìyẹ̀fun gbágùúdá pẹ̀lú álọ́ọ̀mù. A ti ìyẹ́ adìẹ tàbí ìgbálẹ̀ bọ inú rẹ̀, a sì máa fi ya ọnà sí ojú aṣọ náà, láìsí rúlà, láìsí ìwé àwòkọ, ohun tí ó ti kọ́ láti ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni ó ń tọ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ náà bá gbẹ, a rì í sínú aró ẹ̀lú. Aṣọ náà a yọ jáde ní àwọ̀ ewé. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i, a di búlúù. A tún rì í, a tún yọ ọ́, títí yóò fi dú bí ó ti fẹ́. Lẹ́yìn náà ni a ó ha ẹ̀kọ kúrò, ibi tí ẹ̀kọ ti dáàbò bò yóò sì hàn ní fífẹ́ẹ́rẹ́. Nínú àwọn igun mẹ́rin náà a rí ewé, a rí ẹyẹ, a rí ẹranko. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń mọ Ìbàdàndùn yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀wọ́ àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí ṣíbí sì wà láàárín òpó kan àti èkejì.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á bi aṣọ yìí ní ìbéèrè ìgbìmọ̀ wa. Níbo ni ó ti wá? Aṣọ funfun tí àwọn ìyá wa fi ṣe é nígbà tí ó gbajúmọ̀ jù, ẹ̀rọ ni ó hun ún ní ìhà Manchester, ọkọ̀ ojú omi ni ó sì gbé e dé Èkó. Gbágùúdá tí a fi ro ẹ̀kọ rẹ̀, láti ilẹ̀ Bràsíìlì ni ó ti wá, àwọn Potogí ni ó sì mú un la òkun já wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣíbí onírin, ohun ọjà òyìnbó ni. Ìpọn onígi ni tiwa. Òpó Mápó ńkọ́? Ilẹ̀ Gíríìsì ni a ti kọ́kọ́ gbẹ́ irú òpó bẹ́ẹ̀ láti inú òkúta. Àwọn ará Róòmù kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ lẹ́yìn wọn. Ẹnjiníà òyìnbó kan tí ń jẹ́ Robert Jones ni ó sì gbé e gun orí òkè Mápó, tí a fi ṣí gbọ̀ngàn náà ní ọdún 1929. Àjèjì mẹ́rin nìyẹn nínú ìró kan ṣoṣo. Kí ni ó kù tí ó jẹ́ tilé? Ẹ̀lú ni, àti ojú tí ó wò, àti ọwọ́ tí ó yà. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dìde kí ó wí pé Ìbàdàndùn kì í ṣe aṣọ Yorùbá. Aṣọ tí ó tún jẹ́ ti Ìbàdàn jù ú lọ ṣòro láti rí.

Báwo ni ó ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí á wo Gbọ̀ngàn Mápó tìkára rẹ̀ ná. Ilé ńlá ni, ó sì lẹ́wà. Èmi kò lè sẹ́ èyí. Ẹni tí ó bá dúró ní ìsàlẹ̀ òkè, òpó rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí, a ó sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ilé àṣẹ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ilé náà kúrò lórí òkè Mápó, tí a gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí sí Índíà, ohunkóhun kò ní yàtọ̀ lára rẹ̀. Ilẹ̀ Ìbàdàn ru ú ni, kò bí i. Obìnrin aláàdìrẹ wá gbé ojú sókè wò ó. Kò ya gbogbo ilé náà bí ẹni ń ya fọ́tò. Òpó nìkan ni ó mú, nítorí òpó ni ojú ará ìsàlẹ̀ ń rí. Ó gé òpó náà mọ ìwọ̀n igun mẹ́rin tirẹ̀. Ó sọ òkúta wíwúwo di ìlà díẹ̀. Ó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ bí ìró ìlù tí ń padà wá ní àkókò rẹ̀. Nítorí pé òpó lẹ́yìn òpó yóò sú ojú, ó fi ṣíbí sí àárín wọn: èyí tí ó nípọn, lẹ́yìn náà èyí tí ó tín-ínrín, èyí tí ó gún, lẹ́yìn náà èyí tí orí rẹ̀ rí róbótó. Èmi kò lè búra pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí wà lọ́kàn ẹni tí ó kọ́kọ́ yà á, ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí mo bá wo aṣọ náà, ohun tí mo ń kà níbẹ̀ ni pé ilé àṣẹ àti ohun ìjẹun jọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, gíga wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì kúrò níbẹ̀, ìlú kì í dùn mọ́.

Kí á má ṣe rò pé gbogbo àjèjì tí ó wọ inú àdìrẹ ni a wọ̀n báyìí. Ní ọdún 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́, àwọn ará Abẹ́òkúta ṣe aṣọ kan tí a ń pè ní Olóba, tí àwòrán ọba náà àti ti ayaba Mary wà lójú rẹ̀. Orí páànù ni àwọn ọkùnrin ti gé àwòrán náà, kí á tó fi ta ẹ̀kọ sí aṣọ. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó ṣòro gidigidi ni, ó sì yẹ kí á bọlá fún ẹni tí ó gé e. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í wé Ìbàdàndùn, a ó rí ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó. Ọba àti ayaba náà jókòó sí àárín aṣọ bí wọ́n ti jókòó nínú fọ́tò, gbogbo ọnà yòókù sì yí wọn ká bí àwọn tí ń dọ̀bálẹ̀. Àlejò ni wọ́n bá wọlé, àlejò ni wọ́n sì jẹ́ títí di òní. Òpó Mápó ní tirẹ̀ ti di ọmọ ilé.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé inú aṣọ nìkan ni èyí ti lè rí bẹ́ẹ̀, kí ó rántí Olówè ará Ìsẹ̀, ọ̀gá nínú àwọn agbẹ́gilére Èkìtì, tí ó kú ní ọdún 1938. Òun ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkéré. Ní apá kan ilẹ̀kùn náà, ọba jókòó. Ní apá kejì, aláṣẹ òyìnbó kan ń bọ̀ nínú àga tí àwọn ènìyàn gbé ru. Ìgbà Olówè ni òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó lé àwọn ọba wa lórí, síbẹ̀ lórí igi Olówè, abẹ́ ìwọ̀n Olówè ni òyìnbó náà wà: ojú rẹ̀ rí bí ojú tí Olówè ń gbẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bí ẹsẹ̀ tí Olówè ń gbẹ́. Nígbà tí a gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ibi àfihàn ńlá ní Wembley ní ọdún 1924, ó wu àwọn òyìnbó tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ìtẹ́ tuntun fún Ògògà ní pàṣípààrọ̀ rẹ̀, ó sì wà ní British Museum di òní olónìí.

Ẹ jẹ́ kí á kúrò lórí aṣọ àti ilẹ̀kùn wá sórí ilé, nítorí ilé ni a ń jà lé lórí. Gbogbo wa ni a mọ bí agbo ilé àwọn bàbá wa ti rí. Ògiri alámọ̀ nípọn, kò jẹ́ kí oòrùn tètè wọlé. Òrùlé rẹ̀ jẹ́ koríko bẹẹrẹ ní ilẹ̀ ọ̀dàn, tàbí ewé gbòdógì ní ilẹ̀ igbó, ó sì nà jáde kọjá ògiri kí òjò má bàa fọ amọ̀ náà lọ. Abẹ́ nínà yìí ni ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbẹ̀ ni a ti ń gba àlejò, tí a ti ń hun aṣọ, tí a ti ń parí ìjà. Àárín rẹ̀ ni àgbàlá, tí òrùlé dà sí, tí a ti ń gbe omi òjò sínú ìkòkò. Èmi kò ní yìn ín jù bí ó ti yẹ. Yàrá inú rẹ̀ ṣókùnkùn. Bí iná bá sì mú koríko nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, odindi àdúgbò lè jó tán ní ọ̀sán kan. Àwọn tí ó kọ́kọ́ ra páànù kí í ṣe òmùgọ̀. Àṣìṣe wa ni pé, nígbà tí a gba páànù tí kò lè jóná, a rò pé a gbọ́dọ̀ sọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nù pẹ̀lú koríko, bẹ́ẹ̀ páànù a máa gbóná ju koríko lọ, ilé tí ó bá sì ní páànù ni ó nílò ọ̀dẹ̀dẹ̀ jù.

Àwọn kan wà tí kò ṣe àṣìṣe yìí, wọn kò sì jìnnà sí wa. Bí a bá kúrò ní Òjóò tí a kọjú sí ìhà Ṣáńgo, a ó kan Yunifásítì Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ bíi Kọ́lẹ́jì ní ọdún 1948. Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀ Jane Drew ni ó ya àwòrán àwọn ilé rẹ̀ àkọ́kọ́. Ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì, sìmẹ́ńtì àti irin ni wọ́n sì fi kọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọ́n wọ̀n ọ́n mọ́ ilẹ̀ yìí kí wọ́n tó gé e. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé náà kò nípọn ju yàrá kan lọ, kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé kí ó sì gba èkejì jáde. Wọ́n fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn sí iwájú yàrá. Wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì oníhò-oníhò ṣe ògiri, bí a ti rí i lára ilé ìkàwé ńlá tí a sọ ní orúkọ Kenneth Dike, kí oòrùn má bàa wọlé tán, kí atẹ́gùn má sì há síta.

Bí a bá tún rìn síwájú díẹ̀ dé Sàmọ́ńdà, a ó kan ilé ìsìn àwọn Dòmínìkánì, tí Demas Nwoko kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ọmọ Idumuje-Ugboko ni, ó sì ti jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Òun pẹ̀lú kò kọ sìmẹ́ńtì, ṣùgbọ́n ó po ó mọ́ ilẹ̀ pupa tí a wà ní ibẹ̀; òpó igi rẹ̀ jẹ́ gbígbẹ́, wọn kì í sì í ṣe ohun tí a rì mọ́ ògiri fún ẹwà lásán, ìṣẹ́ òpó ni wọ́n ń ṣe. Ní ọdún 2023, àwọn tí ń ṣe àfihàn ilé kíkọ́ ní Fẹ́nísì ní ilẹ̀ Ítálì fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń gba iwájú Sàmọ́ńdà kọjá lójoojúmọ́, tí a kò yà wò ó rí.

Ẹ padà bá mi wá sí Òjóò. Ní ọjà wa, rọ́bà ni ó kún orí àtẹ: kórobá, agbada, dúrọ́ọ̀mù. Èmi kò bú rọ́bà. Kò wúwo, bí ó bá ṣubú kì í fọ́, ọmọdé lè gbé e. Ṣùgbọ́n àmù alámọ̀ ti àwọn ìyá wa a máa làágùn. Omi díẹ̀ a máa yọ gba ara rẹ̀, afẹ́fẹ́ a gbé e lọ, èyí tí ó kù nínú a sì tutù láìsí iná mànàmáná. Rọ́bà kò lè ṣe èyí láéláé. Ẹni tí ó gba rọ́bà fún omi ìfọṣọ, tí ó sì fi àmù sílẹ̀ fún omi mímu, ó mọ ìwọ̀n. Ẹni tí ó sọ àmù nù kí á má bàa pè é ní ará oko, ó gbé ẹ̀wù àyáwọ̀ wọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn ilé tí ń dìde ní ẹ̀bá títì: dígí dúdú ní iwájú, àlùmíníọ́mù ní ẹ̀gbẹ́, kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí ibi tí ẹni tí òjò ká mọ́ ìta lè sá sí. Irú ilé bẹ́ẹ̀ tọ́ ní ibi tí òtútù wà, tí a ti ń wá oòrùn kiri. Ní ọ̀dọ̀ wa, oòrùn ni ó ń wá wa.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń fi ìka tọ́ ẹlòmíràn nìkan. Ní ìjọ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a ní gbọ̀ngàn àtijọ́ kan tí ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì. Èmi gan-an ni mo dìde ní ìpàdé, tí mo sì rọ̀ wọ́n pé kí á mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà pọ̀ mọ́ inú ilé kí àyè lè gbòòrò, kí á yọ fèrèsé onígi, kí á fi dígí tí a ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ sí i. Irú fèrèsé yẹn, ìdajì rẹ̀ péré ni ó ń ṣí. A fa àjà wálẹ̀, a fi fáànù kọ́ ọ, gbogbo ènìyàn sì yìn mí. Ní ọjọ́ ìkórè ọdún náà, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí òórú fi mú ìyá àgbà kan, a sì gbé e jáde lọ sí abẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tí ó ta jí, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tí ó wí fún mi kò ju gbólóhùn kan lọ: "Bàbá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa dà?" Èmi kò rí èsì kankan fún un. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ilé àti ohun èlò pẹ̀lú ojú mìíràn.

Ẹlòmíràn yóò wí pé dígí ni ó ń fi hàn pé ìjọ ní ọlá, àti pé àwọn ọ̀dọ́ kò ní wá sí ilé tí kò jọ ti ìgboro. Mo gbọ́. Ó dára kí ohun tí a kọ́ buyì kún wa. Ṣùgbọ́n ọlá tí owó epo jẹnẹrétọ̀ gbé ró, ọjọ́ tí epo bá tán ni yóò wó. Àwọn ọ̀dọ́ náà kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Ibi tí ara bá ti tù wọ́n ni wọn yóò jókòó sí.

Mo sì ní ọ̀rọ̀ fún apá kejì náà, àwọn tí ó fẹ́ òpó gbígbẹ́. Bí gbọ̀ngàn náà bá gbóná bí ààrò, tí a wá ri òpó méjì tí a gbẹ́ ní àwòkọ́ ti ààfin àtijọ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, àyáwọ̀ ni òun náà. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ òyìnbó nìkan ni ènìyàn ti ń yá ẹ̀wù. A lè yá a lọ́dọ̀ baba ńlá ẹni, bí a kò bá sì wọ̀n ọ́n, yóò ṣo ni bákan náà. Olówè kò gbẹ́ ohun tí baba ńlá rẹ̀ rí. Ohun tí ojú tirẹ̀ rí ni ó gbẹ́.

Nítorí náà, èyí ni ìmọ̀ràn tí mo fi síwájú ìgbìmọ̀ wa, tí mo sì fi síwájú ẹ̀yin olùkàwé, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń tọ́ ojú àwọn ọmọ wa. Dípò kí á máa béèrè ibi tí nǹkan ti wá, kí á bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní: ǹjẹ́ ó mọ oòrùn àti òjò ibi tí ó dúró sí? Èkejì: ǹjẹ́ ọwọ́ àwọn tí ń bẹ lọ́dọ̀ wa lè ṣe é, kí wọ́n sì tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́? Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ ó mọ ẹni tí yóò lò ó, àti ìyá àgbà tí yóò jókòó nínú rẹ̀ ní ọjọ́ tí iná bá lọ? Kí á fi páànù bò ó, ṣùgbọ́n kí òrùlé nà jáde dáadáa. Kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà ní ọ̀tún àti ní òsì. Kí fèrèsé dojú kọ fèrèsé, kí gbogbo rẹ̀ sì lè ṣí tán. Kí á lo dígí níbi tí a bá fẹ́ ìmọ́lẹ̀, lábẹ́ òjìji. Bí a bá sì rí agbẹ́gilére tí ó mọ iṣẹ́, kí ó gbẹ́ òpó fún wa, òpó tí yóò gbé òrùlé ní tòótọ́, kí ó sì gbẹ́ ohun tí ojú ń rí ní Òjóò sára rẹ̀: ọkọ̀ akérò pẹ̀lú ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ó rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, ọmọ ilé ìwé tí ó fi báàgì kọ́ èjìká.

Ìpàdé ìgbìmọ̀ náà kò tíì parí bí mo ti ń kọ ìwé yìí. Nígbà tí a bá tún jókòó, mo fẹ́ gbé ìró Ìbàdàndùn kan dání, tí í ṣe ti ìyá mi, kí n tẹ́ ẹ sórí tábìlì láàárín wa, kí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ dígí àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òpó jọ wò ó.